Iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́, ìdánwò ni ẹ̀yin ń ṣe

Ìyá ìbejì kan ní Kubwa ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ó ti lé ní ọdún kan tí òun ti ń lọ sí jímù, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, láago márùn-ún ìdájí, kí òun tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Central Area. Ẹni ọdún 39 ni. Ó máa ń wo fídíò àwọn obìnrin tó ń díje ní CrossFit Games, ìdíje àgbáyé fún ìdárayá tó pa irin gbígbé, eré sísá àti fífa ara sókè pọ̀, ó sì wá rí ètò ìdárayá ọ̀kan nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣe é gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi pé kò lè nawọ́ gbé ìkòkò sórí pẹpẹ. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: "Kóòṣì, kí ni àwọn èèyàn yìí ń ṣe tí èmi ò ṣe? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn ló yàtọ̀ ni, àbí mi ò tíì ki ara bọ̀ ọ́ tó? Àbí ọjọ́ orí mi ti kọjá rẹ̀ ni?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdájí o, ẹ kú làálàá ọ̀nà Kubwa. Ẹ ti ki ara bọ̀ ọ́ tó. Ẹ tilẹ̀ ti ki ara bọ̀ ọ́ jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Fídíò tí ẹ ń wò yẹn, ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n yà á. Bí èèyàn bá yọjú wo àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn WAEC, tó rí bí wọ́n ṣe ń làágùn lórí bébà, tó wá ní bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyẹn, tó délé tó ń ṣe ìdánwò láràárọ̀ láìsí ọjọ́ kan tó ṣí ìwé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí orí á fi fọ́ ọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ní jímù nìyẹn. Lójoojúmọ́ là ń wọn ara wa wò: ta ló yára jù, ta ló gbé èyí tó wúwo jù, ta ló dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì níkẹyìn. Ọjọ́ tí àwọn tó mọṣẹ́ ń wọn ara wọn kò pọ̀ láàárín ọdún. Wọ́n ń ṣe Open, ìpele àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, ní nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹta, àwọn tó bá yege ń tẹ̀ síwájú, CrossFit Games fúnra rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìyókù ọdún, iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí iṣẹ́ kíkọ́ yẹn ṣe rí. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Gwarinpa nígbà tó ń múra ìdíje. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá fún ìṣẹ́jú 15, ẹnu rẹ̀ pa dé, imú nìkan ló fi ń mí. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá irin àwọn obìnrin, kílò 15, kò so nǹkan kan mọ́ ọn. Ó gbé e láti ilẹ̀ dé orúnkún, ó dúró, ó kà á dé mẹ́ta, ó dá a padà. Ó tún gbé e dé agbede itan, ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé gìgísẹ̀ òsì ti fẹ́ẹ́ gbéra, ó sọ ọ̀pá náà kalẹ̀, ó tún ẹsẹ̀ tò. Ó ṣe èyí fún odidi ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin kan tó ń gbé irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fa mí sẹ́yìn, ó ní, "Kóòṣì, ṣé ara ọmọ yẹn ò yá ni?" Ìgbà tó wá fi irin sí ọ̀pá náà, kílò 60 ni, ìyẹn sì jìnnà sí èyí tó wúwo jù tó lè gbé. Ó gbé e lẹ́ẹ̀méjì, ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tún gbé e lẹ́ẹ̀méjì. Nígbà tó parí, ọrùn rẹ̀ gbẹ. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó lọ jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ ó padà wá, ìgbà yẹn ló ṣe èyí tó le, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré. Òógùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn nìkan ni ì bá wọ fídíò.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ìdárayá wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lóòjọ́, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má rò pé wákàtí márùn-ún tí wọ́n fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ni. Púpọ̀ nínú rẹ̀ rọra ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún máa fi ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ tàbí gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n á sì fi ọjọ́ kan mìíràn sinmi pátápátá.

Ẹ̀jẹ̀ ń kó ipa tirẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọdún tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mat Fraser tó gba ife CrossFit Games ti àwọn ọkùnrin ní ìgbà márùn-ún léraléra, láti 2016 dé 2020, irin gbígbé irú ti Olympics ló ti ń ṣe láti kékeré kó tó wọ inú CrossFit. Tia-Clair Toomey ará Ọsirélíà gbé irin fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Olympics Rio ní 2016, ó sì gba wúrà ní Commonwealth Games ní Gold Coast ní 2018, ní ìpele kílò 58. Òun náà ló gba ife CrossFit Games lọ́dọọdún láti 2017 dé 2022, tó lọ bímọ, tó tún padà wá gbà á ní 2024 àti 2025. Iṣan ara ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gbé ohun tí ẹ̀yin fẹ́ fi iṣan ara ọdún kan gbé. Ara ń jẹ́ kí iṣan tètè lágbára, ṣùgbọ́n okùn tó so iṣan mọ́ egungun kì í tètè gbọ́. Èjìká yín ló ń sọ ìyẹn fún yín.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn àwọn méjèèjì ni pé ipò kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Fraser ṣe ipò kejì ní 2014 àti 2015. Toomey ṣe ipò kejì ní 2015 àti 2016, ìgbà tó sì gbà á ní 2017, máàkì méjì péré ló fi ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ. Lẹ́yìn ìdíje 2015, kì í ṣe irin tó ti mọ̀ ọ́n gbé ni Fraser lọ ń gbé kiri. Eré ìsáré tó já a kulẹ̀ ló lọ dojú kọ. Wàyí o, ẹ wo jímù tiwa. Ẹni tí àyà rẹ̀ fẹ̀ ló máa ń wà lórí bẹ́ǹṣì láti Mọ́ńdè dé Fráídè. Ẹni tó fúyẹ́, tó lè sáré, kì í súnmọ́ irin. A máa ń lọ síbi tí wọ́n á ti yìn wá. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń lọ síbi tójú ti ń tì í, á sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n fi iná ilé ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń rọra tó bẹ́ẹ̀, torí ibí yìí lèèyàn máa ń ti bá mi jiyàn jù. Orísun agbára mẹ́ta ló wà nínú ara. Èkíní dà bí tọ́ọ̀ṣì: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tàn yòò, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 ó ti ń kú lọ. Òun lẹ fi ń gbé irin tó wúwo jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I pass my neighbour": ó ń pariwo, ó ń tú èéfín, kò sì lè gbé ilé pẹ́. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni tirẹ̀, ìgbà yẹn ni itan yín máa ń jó bí ẹni fi ata rà á. Ẹ̀kẹta ni iná NEPA. Òun ló ń fi afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú sun ọ̀rá àti ṣúgà inú ara. Kì í tètè dé, ṣùgbọ́n bó bá ti dúró, ó lè gbé ilé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn pọ̀ ni o. Èyí tó ń ru ẹrù jù ló ń yí padà. Bí iṣẹ́ bá sì ti fi díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú kan, NEPA ti ń gbé bí ìdajì ẹrù náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ wá ni pé iná NEPA yìí kan náà ló ń ṣáájì tọ́ọ̀ṣì padà. Ìdí rèé tí obìnrin inú fídíò yẹn fi lè gbé ohun wúwo, kó mí lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì tún gbé e bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Okùn NEPA tirẹ̀ ló nípọn.

Eré tí kò yára ló ń mú okùn yẹn nípọn. Onímọ̀ kan, Stephen Seiler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Norway, wo ètò àwọn tó ń tukọ̀, àwọn tó ń sáré lórí yìnyín àti àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn, ó sì rí i pé nínú ìgbà 10 tí wọ́n bá ṣe ìdárayá, nǹkan bíi mẹ́jọ ló rọrùn. Àwọn oníCrossFit náà gbọ́n sí i. Chris Hinshaw tó ti díje Ironman rí, ìdíje ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sáré, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn olókìkí wọn lọ bá kí ó kọ́ wọn ní eré sísá. Àwa ńkọ́? Nínú ọjọ́ márùn-ún tí ẹ ń lọ, mélòó lẹ lè fi sọ̀rọ̀ já gaara láìsí pé èémí ń gé yín lẹ́nu? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò sí.

Ẹ jẹ́ n wá bọ́ sórí èjìká. Nínú ètò tí ẹ mú lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ó dá mi lójú pé pull-up ajùrù wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ìbàdí ju ara sókè. Ẹni tó bá ti lè fa ara rẹ̀ sókè ní márùn-ún láìju ìbàdí, láìta ẹsẹ̀, ni mo máa ń jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Bí agbára yẹn ò bá tíì sí, ìgbàkígbà tí ara bá já wálẹ̀ láti òkè, èjìká nìkan ló ń gba gbogbo ìwúwo yín, ní ogún ìgbà, ní ọgbọ̀n ìgbà. Ẹ dá a dúró lónìí. Ẹ lọ rí físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, kó fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ fún yín. Títí yóò fi san, ẹ máa fa okùn rọ́bà, ẹ máa so mọ́ ọ̀pá láìgbéra bí kò bá dùn yín, ẹ sì máa lo ẹsẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ kò bá èjìká jà.

Ẹ tún mọ̀ pé wọn kì í kà á sí ìtìjú láti dín ìwúwo kù. Ẹ mú ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní Fran, tó lórúkọ jù nínú eré wọn: gbé irin láti ìlóṣòó lọ sókè orí, fa ara sókè lórí ọ̀pá, 21, lẹ́yìn náà 15, lẹ́yìn náà 9. Kílò 43 ni ti ọkùnrin, nǹkan bí 30 ni ti obìnrin. Àwọn ògbóǹtarìgì ń parí rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Bí ẹ̀yin bá gbé kílò 30 yẹn, tí ẹ fi ìṣẹ́jú 14 parí rẹ̀, tí ẹ ń dúró wo ọ̀pá fún ìdajì àkókò, ẹ ò ṣe Fran. Ohun mìíràn lẹ ṣe. Bí ẹ bá gbé kílò 15, tí ẹ fi rọ́bà ran fífà lọ́wọ́, tí ẹ parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí àyà yín ń lù kìkì, ẹ ti súnmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ju ẹni tó gbé 30 lọ.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí n sọ, kì í ṣe èyí tó dùn mọ́ mi. Ní oṣù kẹta ọdún kan, nígbà tí ooru Abuja mú bí ààrò, ọkùnrin kan tí mò ń kọ́ ní òun fẹ́ ṣe Murph. Máìlì kan ni wọ́n á sá, pull-up 100, push-up 200, ìlóṣòó 300, wọ́n á tún sá máìlì kan, pẹ̀lú ẹ̀wù ẹrù tó wúwo tó kílò mẹ́sàn-án lọ́rùn. Oṣù mẹ́rin péré ló fi ti ń ṣe ìdárayá. Èmi ni mo gbà fún un. Ó parí rẹ̀, a pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì ọwọ́ rẹ̀ wú, kò lè ká a. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí, ó ní ìtọ̀ òun dúdú bí tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Iṣan tó ti fọ́ ni ohun inú rẹ̀ ń ṣàn wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń dí kíndìnrín. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fa omi sí i lára. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara rẹ̀ yá. Èmi ni ẹ̀bi ọjọ́ yẹn, mi ò sì fi sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ṣe ìdárayá, tí iṣan wú, tí ìtọ̀ dúdú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi àgbo dán an wò, ẹ má sì gbé oògùn ara ríro mì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá kún wàhálà kíndìnrín.

Àwọn tó mọṣẹ́ jù pàápàá, ooru ti na wọ́n rí. Ní 2015, wọ́n fi Murph yìí sínú ìdíje ní Carson ní California, nínú oòrùn. Annie Thorisdottir tó ti gba ife ní 2011 àti 2012, ooru mú un tó bẹ́ẹ̀ tó fi yọwọ́ nínú ìdíje náà. Ara nílò bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó mọ ooru lò. Tí a bá ti wọ oṣù kẹta sí ìkẹrin níbí, ẹ jẹ́ kí ti ìta wà láàárọ̀ kùtùkùtù, kó sì rọra. Lásìkò ọyẹ́, tí ekuru bò ojú ọ̀run tí ẹ ò rí Aso Rock mọ́, ẹ ṣe eyí tó le nínú ilé.

Ó wá ku ohun tó ju gbogbo irin lọ, òun náà ló sì ya àwa òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára wọn: ìsinmi. Iṣẹ́ ẹni tó ń díje ni láti sùn. Á ṣe ti àárọ̀, á jẹun, á sùn lọ́sàn-án, á tún jí ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ní ọmọ méjì láti wẹ̀ fún, ẹ ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ ní go-slow. Kí ẹ tó dé jímù láago márùn-ún, aago mẹ́rin lẹ ti jí. Bí ẹ bá sùn láago mọ́kànlá, wákàtí márùn-ún lẹ rí. Àgbàlagbà nílò méje, ó kéré tán. Iṣan kì í dàgbà ní jímù, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń dàgbà. Bí mo bá ní kí ẹ yọ ọjọ́ kan nínú ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ fi sùn di aago mẹ́fà, mi ò dá yín lẹ́kun iṣẹ́. Apá kan iṣẹ́ náà ni.

Oúnjẹ náà ńkọ́. Àwọn obìnrin yẹn kì í febi pa ara wọn. Wọ́n ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń jẹ ànàmọ́, wọ́n sì ń jẹ ẹran dáadáa. Èmi ń rí àwọn tó ń gbààwẹ̀ di ọ̀sán nítorí kí wọ́n lè fọn, tí wọ́n sì ń ṣe ìdárayá líle lórí inú òfìfo, tí wọ́n wá ń bi mí pé kí ló dé tí agbára ò wá. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò fún èròjà amúṣan-dàgbà ni gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n. Bí ẹ bá wọ̀n tó kílò 70, ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 112 lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà. Ẹ̀wà sísè tó kún kọ́ọ̀bù kan ní nǹkan bí 15. Ẹja Titus tó tó ìwọ̀n ọwọ́ ẹni ní bí ogún. Nono àti súyà Wuse náà wúlò, bí ẹni tó sun ún ò bá ti fi epo rẹ́ ẹ jù. Ẹ jẹ àmàlà yín. Kò ṣe yín ní nǹkan kan.

Bí èmi bá jẹ́ ẹ̀yin, ọjọ́ mẹ́rin ni mo máa lò. Ọjọ́ méjì fún irin: ìlóṣòó, gbígbé láti ilẹ̀, àti fífà tí físíò bá yọ̀ǹda, ìgbà márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì máa dúró nígbà tí ó ṣì ku bíi méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ lè gbé. Ọjọ́ kan péré fún èyí tó le, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí méjìlá, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan fún èyí tó gùn tó sì rọra, ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Kí ẹ tó fi irin sí ọ̀pá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ọ̀pá lásán. Ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣe ìdánwò kan, ẹyọ kan, kí ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, ìdíje wọn gan-an ní ìpín fún ẹni ọdún 35 sókè, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé irin. Ọdún 39 kò kọjá nǹkan kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí eyí tó rọra, nítorí òun lẹ ò tíì ṣe rí. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wá sí etí omi Jabi láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ máa rìn, ẹ máa sáré díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá gé mọ́ yín lẹ́nu, ẹ padà sí ìrìn. Á dà bí ẹni pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ mú omi dání, kí ẹ sì mú àwọn ìbejì wá; kẹ̀kẹ́ wọn lè bá yín rìn.